Ta Ni Wọ́n Tiẹ̀ Ti Nà?

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni èmi, Marlys Tvedt, fi wà lára àwọn oníròyìn tó ń dìbò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti to àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú sáré, sí ipò. Ìwé ìròyìn wa ní Wyoming, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ, kéré lóòótọ́, àmọ́ ìbò mi ò kéré sí ti ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún náà, Yunifásítì Sweetgrass tó wà ládùúgbò wa gbá ìdíje mọ́kànlá, wọn ò pàdánù ẹyọ kan. Mo fi wọ́n sí ipò karùn-ún. Nígbà tí èsì jáde, ìkẹtàdínlógún ni mo bá wọn. Yunifásítì Calloway láti líìgì ńlá Gúúsù, tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀mẹta, wà ní ìkẹjọ!

Mo pe Clifton Rudd ní Alabama, àgbà oníròyìn tí a jọ ń dìbò.

"Bọ̀dá Clifton, ipò wo lẹ fi Sweetgrass sí?"

"Orúkọ wọn ò tiẹ̀ sí nínú ìbò tèmi, àbúrò mi. Ta ni wọ́n tiẹ̀ ti nà? Àwọn màlúù yín?"

"Ẹ ti wò wọ́n rí ṣá?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ráyè? Líìgì Gúúsù tiwa nìkan ti tó iṣẹ́ ṣe."

"Calloway tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mẹta wá ńkọ́?"

"Àwọn alágbára ló nà wọ́n!"

"Ta ló ní alágbára ni wọ́n?"

"Ìbò wa ni."

"Ìbò ta?"

"Marlys, jọ̀ọ́, má fún mi lẹ́fọ̀rí láàárọ̀ Sunday. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, láì dárúkọ ẹnì kankan, pé àwọn kan ń dájọ́ ẹgbẹ́ tí ojú wọn ò rí rí. Èébú rọ̀jò lé mi lórí. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn tó ń ṣètò ìbò náà yọ mí kúrò. Wọ́n ní mò ń gbè sẹ́yìn ará ilé mi. Èmi! Wọn ò yọ Clifton ní tiẹ̀.

Ní ìparí December, wọ́n ní kí Sweetgrass àti Calloway pàdé nínú ìdíje ìparí ọdún kan ní Texas. Mo wa mọ́tò lọ. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí mẹ́wàá ni Sweetgrass fi lù wọ́n, mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń jẹ ẹyin ní òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan lórí tẹlifíṣàn la ẹnu: "Ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ. Ọkàn àwọn ọmọ Calloway ò sí níbẹ̀ ni. Ìdíje tó ga jùyẹn lọ ló tọ́ sí wọn."

"Irọ́ ni!" Mi ò mọ̀ pé mo ti dìde dúró. "Ṣé ọkàn ló gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù ni?"

Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Obìnrin tó ń bu kọfí rọra yí tẹlifíṣàn náà sí ìròyìn ojú ọjọ́.

"Ẹ jókòó, màámi," ló wí. "Ẹyin yín ń tutù."

Nígbà tí èsì ìkẹyìn jáde, ìkẹtàlá ni wọ́n fi Sweetgrass sí. Calloway wà ní ìkejìlá.