Fèrè Ọkọ̀ Níwájú Ilé Opó

Ó ti rẹ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè báwo ni opó ṣíṣe ṣe rí, ohun tí màá kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ló ń pa opó. Ẹkún kọ́. Ìjókòó ni. Kí èèyàn jókòó sórí ẹní kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, kó máa wọ aṣọ dúdú kan náà, kó máa gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ lẹ́yìn ògiri, kí wọ́n sì tún sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbóhùn sókè. Èmi Sẹ̀kínátù, tí gbogbo Ifangni mọ̀ pé ohùn mi máa ń dé ọjà Igolo kí èmi fúnra mi tó débẹ̀!

Jẹ́láàní ọkọ mi ló kú. Àyà ló ń dùn ún. A gbé e lọ sí Sakété fún ìtọ́jú, òkú rẹ̀ la gbé padà wálé, a sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ọdún tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ni. Ọjà Igolo pa lọ́lọ́, àwọn aláàárù jókòó sídìí ògiri bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀, epo pupa tí mo fẹ́ tà sì dì sínú àgbá. Ní apá tiwa níbi ẹnubodè náà, Ìjọba Ìyípadà ní ká máa pe ara wa ní kamaráàdì, ká sì máa lọ gbin àgbàdo ní oko ìlú. A gbin àgbàdo. A tún pariwo pé ìjà ń tẹ̀síwájú, a sì wálé wá sùn. Kò sẹ́ni tí kò rẹ̀ lọ́dún náà. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń mú èmi àti Jẹ́láàní rẹ́rìn-ín ni Ìràwọ̀ Pupa.

Ìràwọ̀ Pupa ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, gbogbo èèyàn ni olólùfẹ́ wọn, títí kan àwọn tó kàn wá ta ẹ̀pà. Ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sílùú onílùú la máa ń mọ ẹni tó fẹ́ràn wọn. Èmi àti ọkọ mi kì í pa á jẹ. Jẹ́láàní ní jáǹtì kan, irin inú táyà ọkọ̀ tó ti gbó, tó so okùn mọ́ tó sì ń gbé kọ́rùn. Ọ̀pá irin ló fi ń lù ú. Ó ń dún débi pé agbábọ́ọ̀lù àlejò a máa gbàgbé ibi tó ń sáré lọ. Èmi ni mo máa ń dá orin, àwọn yòókù á sì gbè é.

Kámíọ̀ Ògúnrìndé ló ń gbé wa lọ. Ògúnrìndé jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ mi láti kékeré, ẹyìn ọ̀pẹ ló ń fi ọkọ̀ náà kó láàárín ọ̀sẹ̀, torí náà bí a bá ti Sakété dé, aṣọ gbogbo wa á ti di aláwọ̀ epo. Ọkọ̀ náà ní àbùkù kan. Dẹ́márẹ̀ tó ń jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, àfi kí wọ́n tì í kó tó tún jí. Nítorí náà Ògúnrìndé kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Tó bá dé kọ̀rọ̀ mọ́sálásí, á fọn fèrè gígùn kan, á sì máa rọra yí bọ̀, ẹni tó bá ń lọ á sáré fò sókè. Jẹ́láàní á ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jáǹtì rẹ̀ lọ́rùn, á máa pariwo pé mò ń pẹ́. Irọ́ ló ń pa. Mi ò pẹ́ rí.

Pobè nìkan la ò tíì ṣẹ́gun nílé wọn. Lọ́dún tó kọjá, a ti ń mú ọ̀mì lọ sílé, ni wọ́n bá gbá a wọlé nígbà tí adájọ́ ti fi súfèé sẹ́nu. Òjò pa wá títí a fi délé. Kò sẹ́ni tó kọrin. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Jẹ́láàní fún aṣọ rẹ̀ gbẹ, ó wò mí lójú, ó ní, “Sẹ̀kí, lọ́dún tó ń bọ̀, a ó lù wọ́n nílé wọn. O ó kọrin títí ohùn rẹ á fi há.”

Ọdún tó ń bọ̀ náà ló dé yìí. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń lọ Pobè, òun sì ni ìdíje tó kẹ́yìn nínú líìgì. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n á já sí ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ẹ̀gẹ́ àti ewúrẹ́.

Mo mọ̀ pé mi ò lè lọ. Orí mi ò dàrú. Ọkùnrin náà ni ọkọ mi, mo fẹ́ràn rẹ̀, màá sì jókòó pé bó ṣe yẹ kí n jókòó. Ohun tí mo fẹ́ ò ju kí Ògúnrìndé fọn fèrè náà ní kọ̀rọ̀ mọ́sálásí bó ṣe máa ń fọn ọ́n. Kí n gbọ́ ọ. Kí n mọ̀ pé wọ́n ṣì ń pe ilé wa. Bí wọn ò bá fọn ọ́n, á jẹ́ pé èmi àti Jẹ́láàní ni wọ́n jọ sin lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Bí èèyàn bá ń kọjá níwájú ilé opó, á rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í. Àní àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọ orin Ìyípadà, tí dẹlegé, aṣojú ìjọba nílùú wa, pàápàá ò lè pa lẹ́nu mọ́, tí wọ́n bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ògiri mi, wọ́n á gbé orin náà mì, wọ́n á tún pọ̀ ọ́ jáde lẹ́yìn ilé kejì. Ọ̀wọ̀ ni. Mi ò bú wọn.

Èyí tó tún burú ni pé opó kì í dá àlejò lóhùn. Ará ilé ọkọ rẹ̀ ló ń gbẹnu sọ fún un. Fàtímọ̀, ẹ̀gbọ́n Jẹ́láàní, ló wá láti Lagbé wá jókòó tì mí. Ìyáakọ ni mo ń pè é. Ó fi oko rẹ̀ sílẹ̀, orúnkún ń dùn ún, kò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó máa ń sọ pé àwọn géńdé tó yẹ kó máa kọ ebè ló ń lé awọ kiri. Ìgbà tí Jẹ́láàní wà láyé, àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ náà tán kí ọ̀kan nínú wọn má bínú dìde.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ògúnrìndé wá kí mi pẹ̀lú Séraphin, olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọmọkùnrin fífẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fún epo ní Lagbé. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀. Mo ní wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ fèrè náà ni. Òun náà ni wọ́n wá sọ lóòótọ́.

Séraphin ò gbójú sókè. “Ìyá, a ò ní pariwo kọjá níwájú yín. A ò ní kọrin, a ò ní fọn fèrè. A ti bá gbogbo ọmọ sọ ọ́. Bàbá ju ẹni tí a lè fi ariwo kọjá lójú oorun rẹ̀ lọ.”

Mo la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó bọ́, Fàtímọ̀ ti gbà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó súre fún wọn, ó ní wọ́n jẹ́ ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́. Mo wúkọ́, kí wọ́n lè wo ojú mi. Fàtímọ̀ bu omi fún mi. Ògúnrìndé wò mí díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó tún dojú bolẹ̀, wọ́n sì lọ.

Bí wọ́n ti jáde ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́. Mo ní kó rán ẹnì kan tẹ̀ lé wọn. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí wọ́n fọn ọ́n. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

“Ìyàwó,” ó ní, “àbúrò mi ló wà nínú ilẹ̀ yẹn. Mo pọ̀n ọ́n. O fẹ́ kí wọ́n máa fọn fèrè lé e lórí?”

Mo padà sórí ẹní mi. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí Ògúnrìndé, inú tiẹ̀ bí mi sí Jẹ́láàní tó lọ kú nígbà tí Pobè kù sílẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ara mi wà lórí ẹní, ọkàn mi wà ní Pobè. Pápá wọn dagun sí apá kan. Bó bá di ìdajì kejì, oòrùn á máa ta sí ojú ẹni tó bá ń ṣọ́ ilé lápá ọ̀nà ọjà. Ọkọ mi ti rí i láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun ló máa ń sáré lọ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó yan apá. Ta ni yóò sọ ọ́ báyìí? Mo ń gbá bọ́ọ̀lù náà lọ́kàn mi, mo ń pàdánù, mo tún ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti rẹ̀ mí ju àwọn tó ń lọ gbá a lọ.

Àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ ọkọ̀ náà láti òkèèrè. Wọ́n ń kọrin bọ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ burúkú, torí kò sẹ́ni tó ń dá a fún wọn dáadáa. Bí wọ́n ṣe dé kọ̀rọ̀ mọ́sálásí, orin náà dákẹ́. Mo di etí ẹní mú. Fèrè ò dún. Ẹ́ńjìnnì pàápàá wá dákẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ bà jẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń gbọ́ ẹsẹ̀ nínú iyanrìn, àti èémí. Mo dìde, mo fi ojú sí àlàfo fèrèsé.

Yéè. Ògúnrìndé ti pa ẹ́ńjìnnì, kó má baà dún níwájú ilé mi. Ó jókòó sídìí ìdarí ọkọ̀, ó ti ṣí fìlà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń ti kámíọ̀ náà. Ọ̀nà ọ̀hún sì ga láti mọ́sálásí títí dé ẹnu ọ̀nà wa, iyanrìn rẹ̀ jìn. Séraphin fi èjìká ti ìdí ọkọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Aṣọ́lé wa, tó yẹ kó máa sinmi apá, ń fi apá méjèèjì tì. Àwọn olólùfẹ́ ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, bàtà lọ́wọ́, wọ́n ń yọ́ rìn. Òógùn ti bo àwọn ọmọ náà, Pobè ṣì wà níwájú.

Orí mi gbóná. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyí? Wọ́n fẹ́ bọ̀wọ̀ fún Jẹ́láàní, wọ́n wá ń tán agbára tí wọ́n máa fi gbẹ̀san rẹ̀ sínú iyanrìn ẹnu ọ̀nà rẹ̀! Tó bá jẹ́ pé ó wà láyé, á ti fi ọ̀pá irin náà lé gbogbo wọn padà sínú ọkọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

“Ìràwọ̀ ń bọ̀ o, ẹ ṣílẹ̀kùn!”

Ohùn mi ti dípẹtà. Ó ha jáde, ó fọ́ ní àárín. Ọkọ̀ náà dúró. Wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ta ni yóò gbe orin opó? Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo dá a lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kéré sí ti àkọ́kọ́, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Mo gbọ́ tí Fàtímọ̀ dìde lẹ́yìn mi, orúnkún rẹ̀ ń ké. Mo ní ó ń bọ̀ wá fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Kò wá sọ́dọ̀ mi. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí jáǹtì Jẹ́láàní gbé kọ́ sára ìṣó láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ sí Sakété. Ó mú ọ̀pá irin náà, ó sì lù ú.

Níta, ẹnì kan rẹ́rìn-ín tàbí ó sunkún, mi ò mọ̀. Wọ́n wá gbè é lẹ́ẹ̀kan náà, “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa!” Ògúnrìndé dé fìlà rẹ̀, ó sì tẹ fèrè náà, ó gùn ju bó ṣe máa ń gùn lọ. Gbogbo àwọn tó mú bàtà lọ́wọ́ jù ú sínú ọkọ̀, wọ́n bá àwọn ọmọ náà tì í, ó sì bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òdìkejì. Ẹ́ńjìnnì jí. Mo sáré ké sí Séraphin láti fèrèsé pé kó má gbà kí oòrùn kọjú sí aṣọ́lé rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè pé òun gbọ́.

Fàtímọ̀ ṣì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo irin náà bí ó ṣe ń mì. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń lù ú?”

“Rárá, Ìyáakọ,” mo ní. “Ó máa ń lù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀, ó sì tún gbé ọ̀pá náà sókè.