Ìgbà Mẹ́ta Tí Orin Náà Wálẹ̀

Ohùn Ìyá Tẹ́ní kọ́kọ́ há, ó gbọ̀n, ó wá di afẹ́fẹ́ lásán. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ló ti máa ń ṣẹlẹ̀, lórí "mọ́" nínú "ilẹ̀ ti mọ́, Olúwa, mo dé", níbi tí orin náà ti ga jù. Ọwọ́ Dókítà Kọ́láolúwa Ọmọ́tọ́ṣọ́, tó kọ orin náà tó sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin, dúró sókè. Bàlúù kan ń kọjá lórí ilé ìjọsìn, bí wọ́n ti máa ń kọjá ní Máfolúkù tó sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú Èkó, gbogbo wọn sì dúró kí ariwo rẹ̀ lọ tán. Ó ti mọ́ wọn lára.

"Ẹ má bínú," ni Ìyá Tẹ́ní wí, ó fọwọ́ pa ọ̀fun. "Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni. Mo ti pariwo mọ́ wọn jù lọ́sẹ̀ yìí."

"Kò burú, mà. A máa fa orin náà wálẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ọláyanjú tó ń tẹ dùùrù yíjú padà. "Dókítà sà, ìgbà kẹta rèé o! Tẹ́ ẹ bá tún fà á wálẹ̀, inú kànga làwọn báàsì ti máa kọrin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀la ni ìjọ máa ṣe ọgọ́ta ọdún, orin yìí sì ni wọ́n fi máa ṣí ìsìn. Oṣù méje gbáko ló fi kọ ọ́.

Iṣẹ́ méjì ni ọkùnrin náà ń ṣe: dókítà ni látàárọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀, olórin ni nírọ̀lẹ́ nílé rẹ̀ ní Ire-Akari. Nígbà tó kọ́kọ́ ra dùùrù, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti Èkìtì pé ẹni tó bá ń lé eku méjì á pòfo. Ṣùgbọ́n kí baba náà tó kú, ó gbọ́ bí Ìyá Tẹ́ní ṣe kọ ọ̀kan nínú orin ọmọ rẹ̀, kò sì tún pa òwe yẹn mọ́. Abọ́sẹ̀dé lorúkọ Ìyá Tẹ́ní gan-an, tíṣà ni, opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ká sọ òótọ́, orí ìwé lásán làwọn orin Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń wà títí obìnrin yìí á fi la ẹnu.

Dókítà ṣí ìwé orin rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé bó ti máa ń ṣe: ogúnjọ́ oṣù Kẹfà, ohùn Ìyá Tẹ́ní já, a fa orin wálẹ̀ sí kíì D. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ni ti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin: ohùn Ìyá Tẹ́ní há, kíì E. Lókè ìyẹn ni ti ọjọ́ keje oṣù Kẹta: ohùn Ìyá Tẹ́ní wúwo díẹ̀, kíì F.

Ó kà á. Ó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí bó ṣe máa ń ka fáìlì aláìsàn. Ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kí wọ́n wo inú ọ̀fun náà: ọjọ́ wo ni kì í sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn? Oṣù mẹ́ta àbọ̀ rèé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ohun tóun sì ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀fun ló ń ṣàìsàn, orin ló ń tọ́jú.

"Ẹ lọ sinmi díẹ̀," ó sọ fún àwọn akọrin. Ó pe Ìyá Tẹ́ní sínú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ ìsìn, ó fa àga fún un.

"Ṣé oúnjẹ ń lọ dáadáa, mà?"

"Ẹ̀bà máa ń há díẹ̀. Mo ń fi omi tì í."

"Etí ńkọ́?"

"Tòsì máa ń dùn mí. Ta ló sọ fún yín?"

Dókítà fi ìka yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Nísàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, kókó kan wà níbẹ̀ tó le bí ẹ̀kùrọ́, kò sì yẹ̀ nígbà tó tì í.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, Ìyá Tẹ́ní?"

Ẹnu ya obìnrin náà. "Mo sọ fún yín kẹ̀! Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, lọ́jọ́ tá a jọ ń to àga. Mo ní, 'Dókítà, ohùn mi ò dá mọ́.' Ẹ ní kí n má lo nǹkankan sí i. Ẹ ní ó dára bẹ́ẹ̀."

Dókítà rántí. Inú rẹ̀ ti dùn lọ́jọ́ náà. Ohùn tó há yẹn ni orin náà ń wá, ohùn ẹni tó rìn lóru kó tó rí ojúmọ́, ó sì ti rò pé ọjọ́ orí ló fi jíǹkí rẹ̀. Obìnrin yìí bi dókítà léèrè, olórin ló dá a lóhùn. Ìyá Tẹ́ní kò sì mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, ó gbà á bí ẹni gba oògùn, ó lọ sílé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ojú ti Dókítà débi pé kò lè wo ojú obìnrin náà. "A ní láti lọ rí dókítà ọ̀fun. Báyìí."

"Báyìí kẹ̀? Ọ̀la ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ lọ́la ná, Dókítà. Tó bá di Mọ́ńdè, ibi tẹ́ ẹ bá ní ká lọ la máa lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀, ká má purọ́. Kí ni ọjọ́ kan lára àìsàn tó ti lo oṣù mẹ́ta? Ó sì mọ ohun tí ọ̀bẹ máa ń mú lọ nínú ọ̀fun. Bí obìnrin yìí kò bá kọ ọ́ lọ́la, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láé. Ó fẹ́ gbọ́ ọ. Ó fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti là láti sọ pé kò burú, ìgbà náà ni ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

"Rárá, mà. Ẹ mú báàgì yín."

"Ta ló máa wá kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́."

Àwọn tírélà tò síwájú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìsọlọ̀, ọkọ̀ wọn ń rá pálá lọ sílé ìwòsàn. Ìyá Tẹ́ní ń fi ìka lu báàgì tó wà lórí itan rẹ̀, orin náà ló sì ń lù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Dókítà Rodiat Adéyẹyè, tó ń tọ́jú ọ̀fun àti etí, fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ihò imú Ìyá Tẹ́ní wọlé. Ọmọ́tọ́ṣọ́ dúró lẹ́yìn, ó ń wo sìkírínì. Iṣan ohùn méjì ló yẹ kó máa ṣí, kó máa pàdé bí ilẹ̀kùn. Tọ̀tún ń lọ, ó ń bọ̀. Tòsì dúró gbagidi, ẹran funfun kan sì ti hù lé e lórí. Ọdún mẹ́rìnlá ni ohùn yìí ti ń kọ àwọn orin Ọmọ́tọ́ṣọ́, òun kò sì rí ibi tó ti ń jáde rí.

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?" ni Ìyá Tẹ́ní béèrè nígbà tí wọ́n yọ wáyà.

"A ò tíì mọ̀, mà. A máa gé bíńtín lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò." Rodiat fa fáìlì sọ́dọ̀. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Tẹ́ní kò rántí. Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣí ìwé orin, ó ka àwọn ọjọ́ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Rodiat wo ìwé tó kún fún àmì orin, ó kọ wọ́n sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí dókítà kankan ṣáájú òní, mà?"

"Rárá," ni Ìyá Tẹ́ní dáhùn kíákíá. Kò wo ibi tí Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà.

Bírò Rodiat ti kan ìwé. Bí Ọmọ́tọ́ṣọ́ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

"Wọ́n ti rí dókítà," ó ní. "Nínú oṣù Kẹrin. Èmi ni."

Rodiat gbójú sókè. "Kí lẹ sọ fún wọn, sà?"

"Mo ní ohùn wọn dára bẹ́ẹ̀."

Rodiat kọ ọ́ sínú fáìlì bó ṣe sọ ọ́.

"Ó dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà," ni Ìyá Tẹ́ní wí. Ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́. "Látìgbà tí bàbá Tẹ́ní ti kú, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nǹkan mi kan dára. Mo sunkún nígbà tí mo délé. Ṣé irọ́ lẹ pa fún mi ni, Dókítà?"

Ó wu Ọmọ́tọ́ṣọ́ kó jẹ́ irọ́. Èèyàn lè tọrọ àforíjì lórí irọ́.

"Rárá, mà," ó ní. "Òótọ́ ni."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ìgbà tí obìnrin náà dúpẹ́ tán ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ wá àga, ó jókòó.