Ìkúnlẹ̀ Godwin

Kò sí bí èèyàn ṣe lè tajà ní Enerhen kó má mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀. Àwọn Urhobo, tọkùnrin tobìnrin, á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, “Migwo.” Àgbà á dáhùn pé, “Vrẹndo.” Ẹ̀gbọ́n mi Adéyẹyè, ará Ìjẹ̀bú tó ti ń taṣọ níbẹ̀ kí owó epo tó gba ìgboro Warri kan, máa ń dáhùn kí oníbàárà tó kúnlẹ̀ tán.

Ìdí nìyí tí inú fi bí mi lọ́jọ́ tí Godwin wá tọrọ Bísọ́lá. Bísọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi sáyé lọ. Òun ló ń dáná, òun náà ló ń jókòó ti ọjà. Godwin, wẹ́dà ilé iṣẹ́ epo, wọlé wa ní Okumagba Layout, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó kí bàbá.

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọkùnrin ń kúnlẹ̀ bí obìnrin níwájú mi? Kò lè dọ̀bálẹ̀?”

“Sa, abeg, na so we dey greet,” ni Godwin wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti pẹ́ jù, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo tẹ̀ lé wọn.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ ìkíni yìí ju èmi lọ. Kí ló ń bí yín nínú gan-an?”

“Iyì ìdílé wa ni mò ń gbèjà, Folúkẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ò purọ́ fún mi o. Wọ́n gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́. Àgbà ní apirọrọ ni kò ṣeé jí, àmọ́ ẹni tó sùn ní tòótọ́ nìyí, mo pè é títí, kò jí.

Godwin kó àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá. Bọ̀ọ̀dá ní ọtí tí wọ́n gbé wá ò dára. Godwin tún padà wá, Bọ̀ọ̀dá ní iṣẹ́ epo kì í tọ́jọ́. “Papa, na him I want,” ni Bísọ́lá ń bẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ sílé ọkọ láìgba àdúrà bàbá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Lucy ọ̀rẹ́ Bísọ́lá wá sọ fún wa pé Godwin ti fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Edjeba. Bísọ́lá gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ èbà náà tán pátápátá, ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́ láti ìgbà tí Godwin ti ń wá.

“Bu díẹ̀ sí i. Ọbẹ̀ yìí dùn lónìí.”

Bísọ́lá wò wọ́n. “Papa, you dey happy.”

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ sọ pé rárá. “Ẹ̀rù ló ń bà mí,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. “Ẹ̀rù pé ó máa ku èmi nìkan nínú ilé yìí. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù yìí ló ń mú mi lé Godwin.” Wọ́n sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún, tìbínú tìbínú. Bísọ́lá palẹ̀ àwo mọ́.

Láti ìgbà náà, bàbá fúnra wọn ló ń wá ọkọ kiri fún un, Urhobo, Ìjọ, ẹnikẹ́ni. Bísọ́lá kì í kọ àwọn ọkùnrin náà tìjàtìjà. Bàtà ẹni yìí ò wù ú, ẹ̀rín tọ̀hún pọ̀ jù. Mo bi í bóyá ó ń fi èyí fìyà jẹ bàbá rẹ̀.

“Àǹtí, I no dey vex for Papa,” ló wí, ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Na di man I no like.”

Ó dá a lójú. Ọkàn mi bàjẹ́, nítorí mo rí i pé, bíi ti bàbá rẹ̀ lọ́jọ́sí, òótọ́ ló rò pé òun ń sọ.