Oògùn Ọjọ́ Ìsinmi

Aṣọ ni ìyá mi ń lọ̀ fáwọn èèyàn, ìdí tábìlì wọn lèmi náà ti kọ́ṣẹ́. Ẹnu wọn mú: bí oníbàárà bá ní kí wọ́n ṣe kíá, wọ́n á ní kó gun orí tábìlì káwọn lọ òun náà mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n gé ọmú wọn kan nítorí jẹjẹrẹ, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú wọn ṣàlàyé pé ẹ́sírójìn, èròjà tó wà lára gbogbo obìnrin, ni jẹjẹrẹ náà ń jẹ dàgbà. Oògùn oníhóró kékeré tó fún wọn yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ́sírójìn ń gbà wọlé, kò ní jẹ́ kó ráyè. Ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa lò ó, fún ọdún márùn-ún.

Oògùn yẹn fẹ́ẹ̀ sun wọ́n jóná. Ooru á ṣàdédé bo ojú àti àyà wọn, òógùn á máa kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. Oníbàárà kan ju tiẹ̀ sílẹ̀ pé ó ń rùn. Màámi ò fèsì, ẹ̀rù sì bà mí.

Nígbà tó yá, ooru náà lọ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi dùn kọjá sísọ.

Àfi bí ẹ̀yìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Nílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn náà: jẹjẹrẹ ti wọ egungun.

“Mama, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?” ni dókítà bi wọ́n.

“Mò ń lò ó dáadáa. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí mi ò bá lọ aṣọ.”

“Ọjọ́ ìsinmi nìkan?” ni dókítà tún bi wọ́n.

“Sítáàṣì tí mo bá fi sáṣọ lónìí,” ni Màámi ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́, “á ṣì wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé oògùn wà lára mi.”

Inú bí mi gan-an. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ṣé Màámi tó fọgbọ́n pa ara wọn ni, àbí dókítà tí kò béèrè látọjọ́ yìí?

Dókítà ní òun máa pààrọ̀ oògùn, èyí tuntun lè dá jẹjẹrẹ náà dúró fúngbà díẹ̀. Kò lè lé e lọ mọ́.

Màámi ronú. “Èyí tí mi ò lò ṣì wà nílé, mi ò da ẹyọ kan nù. Tí mo bá wá lo gbogbo ẹ̀ báyìí, ṣé kò ní kájú ẹ̀ ni?”

Dókítà wo ojú mi. Mo kàn dì wọ́n lọ́wọ́ mú. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, Màámi.”

Wọ́n dìde wéré, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n yẹn. Wọ́n rò pé a fẹ́ lọ kó oògùn náà wá ni.