Ìkà Obìnrin Tí Ìyá Àgbà Lamai Tọ́

Bí ẹ bá ti ka ìtàn òṣèrébìnrin kan ṣoṣo rí nínú ìwé ìròyìn wa ní Bangkok, ẹ ti ka gbogbo wọn, nítorí èmi ni mò ń kọ wọ́n. Ọmọge náà kò ronú iṣẹ́ òṣèré rí láyé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sìn lọ síbi tí wọ́n ti ń yan èèyàn, ni wọ́n bá fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀, wọ́n mú un. Ó fẹ́ràn ìbẹ́pẹ gígún tó ta lẹ́nu. Kò ní ọ̀rẹ́kùnrin. Bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá pé, ó máa ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti bu ìrẹsì sínú abọ́ àwọn àlùfáà Búdà. Mo ti kọ ọ́ nípa ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ jókòó tì í níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀, mo sì ti kọ ọ́ nípa ẹni tí ẹyọ ata kan lè gbé dé ilé ìwòsàn. Àwọn òǹkàwé kò bínú. Ohun tó lè bí wọn nínú ni kí n yí i padà.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí Kung wá bá mi pé kí n kọ òótọ́.

Kung, ìyẹn Edé, ni ìyá àgbà rẹ̀ sọ ọ́ nílé. Tẹlifíṣọ̀n ló fún un ní orúkọ gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Inú kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ àjílẹ̀ kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, níbi tó ti gbá ìtí ìrẹsì mọ́yà tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bọ́ sídìí eré, olóòtú àkọ́kọ́ wo imú rẹ̀ tó mú ṣóńṣó àti ojú rẹ̀ tó gùn, ó ní, "Ìkà lèyí." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gba ọkọ ọlọ́kọ, tó ń bu májèlé sọ́bẹ̀, tó ń jí ọmọ ọlọ́mọ gbé, lálaalẹ́ lẹ́yìn ìròyìn. Ẹni tí kò lè pa ẹ̀fọn.

"Àǹtí Tum, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìtàn mi."

"Mo ti kọ ọ́ nígbà kan. O fẹ́ràn ìbẹ́pẹ gígún."

"Ẹ tún un kọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn rere ni mí."

"Èèyàn rere ni ẹ́ náà."

"Ta ló mọ̀?"

Ó wá tú u palẹ̀ fún mi. Màdáámù Oraphan, ọ̀gá àwọn olóòtú eré, ń wá ẹni tó máa ṣe tíṣà abúlé kan tó ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Kung fẹ́ gba ipa yẹn, kì í sì í ṣe torí òkìkí.

"Ìyá àgbà ni," ó ní. "Mo ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún wọn. Gbogbo abúlé ló ń wá wò ó níwájú ilé wa. Wọ́n á jókòó sórí ẹní ìyá àgbà, wọ́n á jẹ ìrẹsì ìyá àgbà, wọ́n á wá máa gbé mi ṣépè. Ìyá àgbà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní káwọn tó kú, àwọn fẹ́ rí mi lẹ́ẹ̀kan péré tí mò ń ṣe èèyàn rere, káwọn ará abúlé lè mọ̀ pé àwọn kọ́ mi nílé."

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní màá kọ ọ́.

Èmi, òun àti Chat tó ń ya fọ́tò fún wa jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó bu ìrẹsì fún àwọn àlùfáà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, Chat yà á. Mo wá ní ká yà sí ọjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì kó lọ jẹ ìbẹ́pẹ gígún, nítorí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn láìsí ìbẹ́pẹ nínú rẹ̀. Ohun tí mo gbàgbé ni eré alẹ́ àná. Lálẹ́ àná, Kung ti Mot lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tòun ti oyún nínú.

Mot ni obìnrin rere inú eré náà. Lọ́jọ́ tí mo lọ kọ ìtàn tirẹ̀, ó sọ bàtà lu ọmọ tó ń ṣe irun fún un, mo sì kọ ọ́ pé ọkàn rẹ̀ mọ́ bí omi àgbọn.

Ìyá tó ń gún ìbẹ́pẹ gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú odó.

"Ìwọ! Ìwọ kọ́ lo ti aláboyún lulẹ̀ lánàá?"

"Ìyá, eré ni."

"Eré? Ikùn tó yọ síta tó báyìí lo pè ní eré? Oyún ọlọ́yún ńkọ́?"

Kí n tó la ẹnu, ọmọ odó ti bà á léjìká. Omi ẹja àti ìbẹ́pẹ ta sí aṣọ funfun tó fi bọ́ àwọn àlùfáà. Àwọn ọlọ́jà tó kù dìde, wọ́n ní, "Ẹ tún un gbá!" Kung kò sá, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ọjà, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú orí.

"Ẹ má bínú, ìyá. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Má bẹ̀ mí o! Mot ni kó o lọ bẹ̀!"

Mo délé, mo sì kọ ìtàn kan ṣoṣo tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ mi. Mo kọ ọ́ pé ó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Mo yọ ìbẹ́pẹ kúrò níbi ohun tó fẹ́ràn. Mo ní ta ló máa ka èyí tí kò ní fún ọmọ yìí ní ipa tíṣà? Àṣé mi ò tíì mọ àwọn òǹkàwé tí èmi fúnra mi tọ́ dàgbà. A ní kí ọ̀gá mi fẹ́ wa lójú, ó fi ata sẹ́nu: àwòrán ibi tí ọmọ odó ti wà lókè ló gbé síwájú ìwé, ó sì gé ọ̀rọ̀ mi kúrú bí ìrù ajá. Ìwé tà débi pé wọ́n tún un tẹ̀. Èsì àwọn òǹkàwé sì dé: "Ẹ wo bó ṣe ń díbọ́n! Ó tún kúnlẹ̀! Ìyá ọlọ́jà, ẹ ṣọ́ra fún un!"

Màdáámù Oraphan ránṣẹ́ pe Kung. Ó fi ìwé ìròyìn náà sórí tábìlì, inú rẹ̀ dùn.

"Ọmọ mi, ẹni tí ọlọ́jà fi ọmọ odó lù láàárọ̀ kùtù, ta ló fẹ́ fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣòfò sídìí tíṣà? Mot á máa sunkún yẹn lọ. Ìkà ni tìẹ. A ti tún ìtàn tíṣà náà kọ kí ìkà inú rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ronú sí i, kó o fún mi lésì tó o bá tìrìn àjò dé."

Ìrìn àjò yìí, abúlé ni. Ó fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá àgbà rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e, torí ojú ń tì mí. Ọ̀gá mi ní kí n ya fọ́tò bọ̀.

Ìyá àgbà Lamai rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ewé tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú obì ti sọ eyín wọn di pupa. Kung forí kanlẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.

"O ti rù," wọ́n ní. "Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ níbi tẹ́ ẹ ti ń pààyàn ni?"

"Ìyá àgbà, wọn ò fún mi ní ipa yẹn. Mot ni wọ́n fún."

Wọ́n tu itọ́ pupa sínú agolo.

"Ó dáa. Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ. Àwọn èèyàn ò ní pẹ́ dé."

Àwọn èèyàn dé lóòótọ́, torí ìparí eré ni lọ́jọ́ náà. Wọ́n yọ̀ mọ́ Kung. Wọ́n so òwú funfun mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ibi kò ní bá a, ẹ̀mí rẹ̀ kò ní ṣáko, ọkọ rere á rí i. Àdúrà náà gún régé. Wọ́n wá jókòó sórí ẹní, wọ́n na ọwọ́ sí ìrẹsì, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

"Ẹ wo ojú ẹ̀!"

"Iná á jó o!"

Kung alára ń gún ìbẹ́pẹ fún wọn lẹ́yìn, òwú àdúrà wọn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ohùn kan sì bo ti gbogbo wọn mọ́lẹ̀: "Oníyẹ̀yẹ́! Aláìnítìjú! Ọmọ àlè!" Mo wò yíká. Ìyá àgbà Lamai ni.

Mo sún mọ́ wọn. "Ìyá, ọmọ yín lẹ mà ń bú."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni?" Wọn ò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Bí mi ò bá bú u jù wọ́n lọ, wọ́n á ní bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn."

Eré ń lọ sópin. Wọ́n tú àṣírí ìkà, orí rẹ̀ dà rú, ó já sóde pẹ̀lú irun jákujàku, ó sì kó sódò. Omi gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, kò sì jáde mọ́. Gbogbo àgbàlá bú sáyọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ó kú! Ó ti kú!" Ọkùnrin kan dìde jó.

Ìyá àgbà kò pàtẹ́wọ́. Ẹnu wọn tó ń jẹ ewé dúró. Wọ́n dìde, wọ́n tọ tẹlifíṣọ̀n lọ, wọ́n sì pa á.

Ariwo sọ. "Ìyá àgbà! Ìgbéyàwó Mot ló kàn!"

"Ẹ lọ wò ó nílé yín. Ọmọ mi ti kú, eré ti tán."

Àwọn èèyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń jó sì ni ojú tì jù. Kung fi odó sílẹ̀, ó wá gbé orí lé itan ìyá àgbà rẹ̀, kò mọ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún. Ìyá àgbà ń yọ ìbẹ́pẹ kúrò nínú irun rẹ̀.

"Ìyá àgbà, kí ni kí n sọ fún Màdáámù?"

"Sọ fún un pé o máa ṣe é. O mọ ìkà ṣe, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má pa ẹ́ mọ́. Kó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ sẹ́wọ̀n." Wọ́n nu ojú wọn. "Bó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n, mo ṣì lè gbé oúnjẹ wá fún ẹ."