Ìdí Tí Màmá Wándé Fi Fẹ́ Talé

"Ta lo gbọ́ pé ó kú?" Màmá Wándé bi Ọláṣùmbọ̀, bí ìyẹn ṣe ń jókòó ní pálọ̀ wọn ní Bódìjà.

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Ajẹ́ntì kan ló ní ẹ fẹ́ talé."

"Àbí gbèsè ló ní mo jẹ?"

Ọláṣùmbọ̀ wolẹ̀. Láti ìgbà tó ti fiṣẹ́ báńkì sílẹ̀ pé òun fẹ́ máa ra ilé, kí òun tún un ṣe, kí òun sì tà á, ohun tí àwọn ajẹ́ntì ń kọ́ ọ ni pé ibi tí wàhálà bá wà ni kó máa wá lọ: ilé olóògbé, ilé tí ẹbí ń jà lé lórí. Ó ti wá a títí, ìtìjú nìkan ló rí kó bọ̀. Bí tòní bá tún yẹ̀, àfi kó padà sí Dùgbẹ̀, kó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ tà á?"

Màmá tún gèlè ṣe. "Mo fẹ́ lọ́kọ ni."

Ọláṣùmbọ̀ gbójú sókè wò wọ́n. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún!

"Bàbá Adéfọlárìn, ní Onírèké. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Ilé tiwọn kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúnkún mi tiẹ̀ fẹ́ràn wọn jù mí lọ."

Inú Ọláṣùmbọ̀ dùn dé ibi tó gbàgbé pé iṣẹ́ lòun bá wá. Nígbà tí Màmá wá dárúkọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ó kù díẹ̀ kó fò sókè. Owó náà bá a lára mu rẹ́gí.

"Ṣé Bùrọ̀dá Wándé mọ̀, mà?"

Màmá bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan. "Ojú ń tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fọ́mọ tí mo bí?"

Ajẹ́ntì ìbá ní kó panu mọ́. Ṣùgbọ́n Ọláṣùmbọ̀ ti fẹ́ràn ìyá yìí, kò sì fẹ́ kí ilé yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àtọmọ. "Mi ò ní lè rà á báyìí, mà. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n."

Wọ́n pe Wándé ní Kánádà tó ń gbé. Màmá kọ́kọ́ bi í léèrè òtútù, ó bi í léèrè ìyàwó, kó tó wá tú kẹ̀kẹ́ ọ̀rọ̀. Ọláṣùmbọ̀ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Màmá," ni Wándé wí, "ṣé bàbá yẹn mọ̀ pé ẹ máa ń hanrun?"

"Wọ́n mọ̀," ni Màmá dáhùn kíá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ti pa Ọláṣùmbọ̀ dórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ yáa talé o, Màmá," ni Wándé ń ké nínú fóònù, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè mí. "Ẹ ti lọ́kọ!"