Ọ̀nà Tó Gba Inú Ráútà Wọlé

Moríyọ̀ fẹ́ ṣí fáìlì kan ni, àfi bó ṣe rí i pé ẹnìkan ń kọ̀wé lọ lójú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí Moríyọ̀ jókòó tì ní Ṣàgámù ni ẹni náà ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó fi sílé ní Ìlíṣàn ni, èyí tó ń wò láti ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìgbín bá ń gun igi. Moríyọ̀ mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Adéwọlé, nìkan ló wà nílé.

Iṣẹ́ Moríyọ̀ ni kó máa ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò lágbára tó àwọn àwòrán ńlá, ìyẹn ló mú kó kó wọn sí ti ilé. Tawfiq, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí oríta, ló bá a la ọ̀nà tó ń gbà dé ibẹ̀. Tawfiq ní ráútà ilé, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì: bí àlejò bá ti ìta dé, kò mọ yàrá tó yẹ kó mú un lọ, àfi bí onílé bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá sọ fún ráútà pé kọ̀ǹpútà inú yàrá ìkàwé ni kó máa mú Moríyọ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹni tó jókòó nílé bá ń rí ni Moríyọ̀ náà ń rí ní Ṣàgámù, ọwọ́ àwọn méjèèjì sì lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò ro ti Bàbá mọ́ ọn nígbà náà. Oṣù kẹjọ rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ rọra fọwọ́ bà wọ́n, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò lágbára mọ́, tí Moríyọ̀ sì lọ mú wọn ní Akaka, abúlé wọn, wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Òun ló kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tẹ kọ̀ǹpútà, kí ọjọ́ má baà gùn jù fún wọn. Orin ìsìn ló rò pé wọ́n ń kọ síbẹ̀.

Lẹ́tà ni.

“Dúrótìmí ọ̀rẹ́ mi, má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ara mi le. Ọmọ mi ń tọ́jú mi, kò sí ohun tí mo bèèrè tí kò ṣe. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn. Bí mo bá la ẹnu, ‘Ẹ sinmi, Bàbá’ ni. Ìsinmi náà ti sú mi.”

Moríyọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun jáde níbẹ̀. Kò jáde.

“Ní ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti lọ síbi iṣẹ́, màá gun ọ̀kadà wá sí Akaka. Má sọ fún un.”

Ọ̀kadà! Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta láìdi ògiri mú. Moríyọ̀ na ọwọ́ sí fóònù, ó ṣèèṣì gbá máúsì, ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà sì sáré kọjá lórí lẹ́tà náà. Ìkọ̀wé dúró. Ọ̀rọ̀ mìíràn wá jáde.

“Moríyọ̀, ṣé ìwọ ni?”

Bó bá dákẹ́, Bàbá lè rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège. Ó rò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́: “Èmi ni, sà.”

“O ti pẹ́ níbẹ̀?”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, mo máa ń na ọmọ tó bá ka lẹ́tà ẹlòmíràn. Jáde, kí n parí tèmi.”

Moríyọ̀ jáde.

Kò lè ya ìlà kan tó tọ́ mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó gbé fóònù láti bẹ aládùúgbò pé kó bá òun máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó rántí pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá fẹ́ bá òun fa ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò. “Ẹ sinmi, Bàbá,” ló sọ, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Nígbà tó délé, Bàbá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde.

“Ẹ lè já bọ́ lórí ọ̀kadà, sà.”

“Ó ṣeé ṣe,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn. “Mo sì lè ṣubú nínú balùwẹ̀ rẹ níbí.”

Moríyọ̀ ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Ọdún tó kọjá ni àwọn sin ìyá òun, òun kò ṣe tán láti tún sin ẹlòmíràn.

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n tìrẹ lo fi ń tì mí mọ́lé.” Wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì fà á dìde. “Bó o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú mi, bi mí. Má gba ẹ̀yìn wọlé.”

Lọ́jọ́ kejì, Tawfiq wá tún ètò kọ̀ǹpútà náà ṣe, débi pé Moríyọ̀ kò ní lè wọlé mọ́ àfi bí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ gbà. Bàbá ní kí Tawfiq fi bọ́tìnnì tí àwọn yóò máa tẹ̀ han àwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Moríyọ̀ gbàyè níbi iṣẹ́, ó sì fi ọkọ̀ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Akaka. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé wọn yóò jọ padà ní ìrọ̀lẹ́. Alàgbà Dúrótìmí jáde pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì sì di ara wọn mú pẹ́ títí. Wọn kò tíì jókòó dáadáa tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí atẹ́gùn ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Alàgbà ní kí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó parí ni. Tíṣà ní irọ́ ni, ó ti parí, àwọn gan-an ló kó àwọn ọmọ lọ kàwé níbẹ̀.

Moríyọ̀ ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti ìta. Ó ròkè, ó mú kedere, bí ohùn ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. Kò gbọ́ irú rẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ wá.

Modúpẹ́, ọmọ Alàgbà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré abúlé náà, bu omi tutù wá fún un. Moríyọ̀ bi í bóyá ó lè máa bá òun yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá wò láràárọ̀ bí Bàbá bá dúró lọ́dọ̀ wọn. Modúpẹ́ ní ti bàbá òun náà lòun ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, ẹnìkan péré ló lé sí i. Moríyọ̀ lọ sídìí ọkọ̀, ó gbé àpò oògùn Bàbá jáde, ó sì fi èyí tí wọ́n ń lò láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n ń lò lálẹ́ hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ.

“Ọjọ́ wo ni kí n wá gbé yín, sà?”

Bàbá rẹ̀ fi àríyànjiyàn sílẹ̀. Wọ́n wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí ohun tó gbọ́ kò dá lójú.

“Mi ò tíì mọ̀,” ni wọ́n wí. “Màá pè ọ́.”

Moríyọ̀ kúnlẹ̀ dágbére fún àwọn àgbà méjèèjì. Kó tó dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ti tún gbé ọ̀rọ̀ òrùlé náà dìde.